Bọ̀dá Tíṣà Tún Ti Ra Òmíràn

Ẹ má ní èmi ni mo sọ ọ́ o. Bí ẹ bá wọ Ìjàrà-Ìsin lọ́sẹ̀ yìí, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó fi nǹkan dí etí méjèèjì, tó ń fi ọ̀pá tó ní àwo pẹrẹsẹ nídìí ra ojú ilẹ̀ lọ sọ́tùn-ún, lọ sósì, níbi tí kò sí ìdọ̀tí kankan, ẹ má sá. Orí rẹ̀ pé. Bọ̀dá Tíṣà wa ni. Ẹ̀rọ awárin rẹ̀ tuntun ló dé láti Lọ́ńdọ̀nù, nínú ẹrù àbúrò ìyàwó rẹ̀. Àbúrò ìyàwó kò mọ ohun tó gbé. Wọ́n ní ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ ni. Ìyàwó gan-an gbà bẹ́ẹ̀, ó tilẹ̀ ti ń yan fanda lójú wa pé ọwọ̀ ti parí ní yàrá òun, àfìgbà tí wọ́n tú páálí.

Kí n tó lọ jìnnà: èmi kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Gbogbo ẹni tí mo bá nínú agboolé yìí nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé, ọkọ mi ni, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Bọ̀dá Tíṣà ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Mo ti sọ ọ́ ní Tíṣà kó tó di tíṣà, nítorí bó ṣe máa ń to òkúta sílẹ̀ tí yóò máa kọ́ wọn ní ìṣirò. Òkúta tí kò bá dáhùn, á nà án. Orúkọ náà mọ́ ọn lára, ó ṣe tíṣà títí, ó sì ti fẹ̀yìn tì. Ọkùnrin tó fẹ̀yìn tì, tí kò ta ayò, tí kò lọ sípàdé òṣèlú, tí kò sì fẹ́ ìyàwó kejì, ẹ máa ṣọ́ ọ. Owó náà á ṣáà wá ibì kan gbà jáde.

Ibi tó kọ́kọ́ gbà jáde ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Èkó ló ti rà á, lọ́wọ́ ẹnì kan tó búra pé ojúlówó ni, pé ọkọ̀ òfurufú ló gbé e wá láti Australia. Àmì tó wà lára rẹ̀ dára ju ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ lọ. Ọjọ́ tó gbé e jáde, igbe ló ń ké. Ó gbé e sílẹ̀, ó ké. Ó gbé e sókè, ó ké. Àwọn ọmọ agboolé tẹ̀ lé e, àwọn náà ń ké. Kó tó di ìgbà tí oòrùn wọ̀, ó ti gbẹ́ ihò káàkiri ẹ̀yìnkùlé Ìyá Àgbà, kò sì rí ohunkóhun ju yangí lọ. Ìyá Àgbà jáde síta, ó wo ihò, ó wo Bọ̀dá Tíṣà, ó ní: “Ta ló kú?”

Yangí ni mo ní, ẹ sì mọ ẹni tó ni yangí. Àwọn àgbà ti ń wo ara wọn. Bàbá kan ní kò yẹ kí wọ́n máa yọ Èṣù lẹ́nu lọ́sàn-án gangan, pé ó dára bí wọ́n bá fi epo pupa díẹ̀ sí i. Bọ̀dá Tíṣà bá pe gbogbo wa jọ, nítorí pé tíṣà kò lè ra nǹkan kó má fi kọ́ni. Ó ní waya bàbà ló wà ní wíwé nínú àwo yẹn. Iná ń gba inú waya, agbára òòfà ń ti ibẹ̀ wọlẹ̀ lọ. Bó bá kan irin, tàbí idẹ, tàbí fàdákà, iná kékeré á tàn kiri nínú nǹkan náà, òun náà á wá máa ti agbára òòfà tirẹ̀ bọ̀ lókè. Ẹ̀rọ á gbọ́ ọ, á sì ké. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tiwa ní irin nínú. Pupa tí ẹ ń rí lára yangí yẹn, irin tó dípẹtà ni. Èyí tó wá burú jù ni pé àwọn baba wa nílẹ̀ Ìgbómìnà yọ́ irin nígbà ayé wọn, wọ́n sì da ìdàrọ́ rẹ̀ nù káàkiri oko. Ẹ̀rọ gbà-má-pòóò-rọ́wọ́-mi kò mọ ìdàrọ́ yàtọ̀ sí wúrà. Lójú tirẹ̀, gbogbo Ìjàrà irin ni.

A ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ká má rẹ́rìn-ín, pé ẹni tó gbọ́n ju òun lọ ti tẹ́ nídìí ẹ̀. Lọ́dún 1881 wọ́n yìnbọn fún ààrẹ Amẹ́ríkà kan, James Garfield. Ọta wọ ara rẹ̀, kò jáde, àwọn dókítà sì ń fi ìka wá a. Ẹ gbọ́ ná, ìka tí wọn kò fọ̀! Ni Alexander Graham Bell, bàbá tẹlifóònù fúnra rẹ̀, bá gbé irú ẹ̀rọ yìí wá sẹ́bàá ibùsùn. Ẹ̀rọ ń pariwo kiri, wọn ò mọ ibi tó ń júwe. Wọ́n ní sípíríǹgì inú bẹ́ẹ̀dì ló ń dà á láàmú, àti pé dókítà àgbà kò jẹ́ kó wá ibòmíràn ju ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lọ, níbi tí òun ti dá ọta sí lọ́kàn ara rẹ̀. Nígbà tí ààrẹ kú ní oṣù September, tí wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò, apá òsì ni ọta wà. Ìyá Àgbà mi orí. Ó ní: “Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Wọn ò bi í?”

Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó rí nǹkan. Ìdérí ìgò ló pọ̀ jù. Bí wọ́n bá ń fi ìdérí ìgò san owó orí ni, Bọ̀dá Tíṣà ìbá ti san ti ìdílé wa sílẹ̀ dé ọmọ-ọmọ. Ó rí ìṣó, irin agboòrùn, agolo sadín, kọ́kọ́rọ́ tí kò sẹ́ni tó mọ ilẹ̀kùn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó rí kọ́bọ̀ oníhò, agboolé sì dàrú. Ó ti fi omi fọ̀ ọ́, ó ti gbé dígí wọ̀, ó kà á sí wa létí: 1936, orúkọ Edward Kẹjọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn òfófó, ẹ súnmọ́ ibí. Ọba Gẹ̀ẹ́sì yìí kò lò tó ọdún kan lórí oyè. Ó fẹ́ fẹ́ obìnrin tó ti kọ ọkọ kan, tó sì ń kọ ìkejì lọ́wọ́, wọ́n ní kò ṣeé ṣe, ó bá gbé adé kalẹ̀ ní December ọdún náà, àbúrò rẹ̀ sì gorí ìtẹ́. Nílé wọn lọ́hùn-ún, owó tó ní orúkọ rẹ̀ kò dé ọjà. Níbí wa, ihò ló wà níbi tí orí ọba ì bá wà, wọn kò nílò àwòrán rẹ̀ kankan. Wọ́n ti rọ ọ́, a ti ń ná an lọ́jà. Ẹ wo nǹkan! Ọkùnrin gbé odidi adé sílẹ̀ nítorí obìnrin, tèmi kò sì lè gbé rédíò rẹ̀ kúrò lórí àga kí n jókòó.

Ìyá Àgbà gba kọ́bọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ka owó ayé ijọ́hun fún wa: oníní, eépìnnì, kọ́bọ̀, tọ́rọ́, sísì, ṣílè, títí náírà fi dé ní January 1973 tó gbá gbogbo wọn dànù. Ó wá ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, wọ́n fún òun ní kọ́bọ̀ kan kí òun fi ra iyọ̀, ó já bọ́ lọ́wọ́ òun, wọ́n sì na òun bí ẹni máa kú. Ó ní kọ́bọ̀ náà ló délé yìí. Ó so ó mọ́ etí aṣọ, ó wọlé. Bọ̀dá Tíṣà kò lè fọhùn. Ta ni yóò bá a ṣẹjọ́?

Láti ìgbà yẹn ló ti ń sọ pé ẹ̀rọ òun kò gbọ́ràn tó, òun fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Ó ṣe ìwádìí, ó wá mọ̀ pé ayédèrú ni èyí tó rà. Ẹjọ́ òun nìkan kọ́. Minelab ní Australia ló ń ṣe ojúlówó, àwọn awawúrà nílẹ̀ adúláwọ̀, títí dé Sudan, sì ń rà á gan-an. Àwọn ọlọ́ṣà já wọ kọ̀ǹpútà Codan, ilé iṣẹ́ tó ni Minelab, wọ́n jí àwòrán iṣẹ́ wọn, ayédèrú bá ń tú jáde láti Ṣáínà wá sọ́dọ̀ wa ní owó pọ́ọ́kú. Codan fúnra rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà síta lọ́dún 2015, ó sì ti dín iye owó tirẹ̀ kù kó lè rí ọjà tà. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe Bọ̀dá Tíṣà nìkan ni wọ́n lù ní jìbìtì. Àwọn tó ni ẹ̀rọ pàápàá, wọ́n lù wọ́n.

Tuntun yìí wá ńkọ́? Ti àkọ́kọ́, irú ìgbì kan ṣoṣo ló ń rán wọ inú ilẹ̀. Tuntun ń rán oríṣiríṣi lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí èyí bá ṣì gbọ́, èyí á tún un gbọ́. Kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Bọ̀dá Tíṣà á gbé àwo rẹ̀ sókè sódò lórí ilẹ̀ fúngbà díẹ̀, kí ẹ̀rọ fi mọ ohùn ilẹ̀ náà, kó lè kọ etí dídi sí i. Ó ní ojú tó ń kọ nọ́ńbà: ìṣó nọ́ńbà kékeré, fàdákà nọ́ńbà gíga. Wàhálà rẹ̀ ni pé ìdérí agolo ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan wà tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti òrùka wúrà dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ ni o. Ẹni tó bá ní òun kò fẹ́ gbẹ́ ìdérí agolo mọ́, ó ti kọ òrùka wúrà pẹ̀lú.

Ìyàwó rẹ̀ kò gbà. Firíìjì ti bàjẹ́ láti àjíǹde, ọkùnrin ń ra ohun tó ń ké. Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣe? Òun náà lọ ṣèwádìí! Ó gbé fóònù jáde níwájú gbogbo wa, ó ní ní Staffordshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 2009, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Terry Herbert wá nǹkan nínú oko àgbẹ̀ kan, ó kan wúrà àwọn ará àtijọ́, irú rẹ̀ tó pọ̀ jù tí wọ́n tíì rí. Wọ́n san pọ́n-ùn tó ju mílíọ̀nù 3 lọ, òun àti àgbẹ̀ náà pín in. Ó wá dákẹ́ díẹ̀ kó lè dùn. Ó ní ẹ̀rọ àlòkù ló fi wá a, tó rà ní pọ́n-ùn 2 àti ààbọ̀. Àwọn obìnrin hó yèè. Bọ̀dá Tíṣà ní: “Ṣé yangí wà ní Staffordshire?” Ẹ má sọ fún un o, ṣùgbọ́n lórí ìyẹn, ẹ̀yìn ọkùnrin yẹn ni mo wà. Ilẹ̀ tó dákẹ́, etí kékeré tó o. Ilẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ bíi tiwa yìí, etí ńlá ló ń fẹ́.

Kó lè tu ìyàwó lójú, ó fi tirẹ̀ kún un. Ó ní ní Hoxne, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bákan náà, lọ́dún 1992, àgbẹ̀ kan sọ òòlù nù sóko, ó bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ Eric Lawes kó fi ẹ̀rọ bá òun wá a. Owó wúrà àti fàdákà ayé àwọn ará Róòmù ló kàn, ó ju 14,000 lọ. Kò fọwọ́ kó gbogbo rẹ̀ jáde, ó ránṣẹ́ sáwọn onímọ̀, wọ́n sì wú u bó ṣe yẹ. Wọ́n rí òòlù náà o. Òun pàápàá wà ní mùsíọ́mù ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí. Ìtàn yìí ló bá a jẹ́. Àgbẹ̀ kan ní agboolé kejì kò gbọ́ nǹkan kan nípa wúrà, òòlù nìkan ló gbọ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tó fi ń kan ilẹ̀kùn: “Tíṣà, ọkọ́ mi sọnù sínú èbè iṣu.” Ẹ̀rọ rí ọkọ́. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń tò wá. Ẹni yetí bọ́ lọ́wọ́, ẹni kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà, ẹni àdá. Ẹni kan wá nítorí ewúrẹ́. A ní irin kọ́ ni ewúrẹ́, ó ní òun ti so ẹ̀wọ̀n mọ́ ọn lọ́rùn. Owó kò sí níbẹ̀. Wọ́n ń ṣàdúrà fún un ni.

Ẹnìkan tún wá lóru, n kò ní sọ ibi tó ti wá. Ó ní kí àwọn gbé ẹ̀rọ lọ sí ìlú Èsìẹ́, pé ohun tó wà nílẹ̀ níbẹ̀ kò kéré. Mo wà lẹ́yìn fèrèsé, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bọ̀dá Tíṣà ní kó jókòó. Ó ní ohun àlùmọ́ọ́nì abẹ́ ilẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, òfin 2007 wí bẹ́ẹ̀. Ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, òfin 1979 ní ẹni tó bá rí i kó fi tó àjọ mùsíọ́mù létí láàárín ọjọ́ 7, a kì í sì wú u láìgba ìwé àṣẹ. Ó ní pabanbarì rẹ̀, ère Èsìẹ́ tó ju 800 lọ, òkúta ọṣẹ ni wọ́n. Ọ̀gbẹ́ni Ramshaw, aláyẹ̀wò ilé ìwé, ló fi wọ́n tó ìjọba létí ní 1933, láìgbé ẹ̀rọ kankan dání. Ní 1945 wọ́n kọ́ mùsíọ́mù síbẹ̀, àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. “Bí o bá gbé ẹ̀rọ yìí síwájú gbogbo wọn, kò ní ké pín-ín.” Àlejò dìde, ó ní òun ń bọ̀. Kò tíì dé.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ wà fún títà. Ìyàwó ló ní kí n sọ, ọkọ kò mọ̀. Àwo rẹ̀ pé, ọ̀pá rẹ̀ pé, igbe rẹ̀ sì ń jáde dáadáa. Bátìrì nìkan ni kò sí nínú rẹ̀, ó ti wà nínú rédíò ọkọ mi. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó wá rí mi lọ́sàn-án, nígbà tí Bọ̀dá Tíṣà bá ti bá wọn wá àdá lọ sóko.