Tẹ́níìsì Tí N Kò Gbá Rí

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò fọwọ́ kan igi tẹ́níìsì rí. Ìgbà tí mo sún mọ́ ọn jù ni ìgbà tí mo rán ṣòkòtò péńpé funfun fún ọ̀gá báńkì kan tó ní òun fẹ́ máa fi gbá a lọ́jọ́ Sátidé. Kò tíì san owó rẹ̀ tán dòní. Èmi yìí náà ni wọ́n wá sọ fún ní ọsibítù pé àìsàn àwọn tó ń gbá tẹ́níìsì ló ń ṣe mí. Ẹ gbà mí o!

Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń ránṣọ ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Sísọ́ọ̀sì tí mo fi ń gé aṣọ, irin gidi ni. Ọ̀gá mi ló fún mi lọ́jọ́ tí mo ṣe fíríìdọ́ọ̀mù, àfi bí ẹni gbé ọmọ ìkókó dání. Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, aṣọ ẹbí òkú mẹ́ta àti ti ìgbéyàwó méjì já lù mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, léèsì tó nípọn bí ẹní. Kí n tó gé e dé ìdajì, ẹ̀gbẹ́ ìta ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Mo ní á lọ. Kò lọ. Mo gbé kẹ́tù, ó bọ́. Mo fẹ́ ṣí ìgò epo, ìgò borí mi. Ọmọ iṣẹ́ mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi ìka méjì ṣí i, ó sì wojú mi bí ẹni tó ń ro ìgbà tí òun máa jogún ṣọ́ọ̀bù.

Dókítà tó yẹ̀ mí wò, mo lè bí i lọ́mọ. Ó ní kí n na apá, kí n gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sókè, kí òun sì máa tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Igbe tí mo ké, àwọn tó wà níta dìde.

"Bàbá, tẹ́níìsì élíbóò ni."

"Ọmọ mi, n kì í gbá tẹ́níìsì."

"Bàbá, ọ̀pọ̀ àwọn tó máa ń ṣe kì í gbá a."

Kí ló wá dé tí ẹ fi ń pè é bẹ́ẹ̀? Ọmọ náà mọ̀wé, ó ṣàlàyé fún mi. Ní ọdún 1873, dókítà ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Runge kọ̀wé nípa rẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi ọwọ́ kọ̀wé ló sì so ó mọ́. Ní ọdún 1883 ni àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ti tẹ́níìsì. Ẹ ò rí i bí? Àwọn akọ̀wé ló ni àìsàn, àwọn olówó tó ń ṣeré lórí pápá wá gba orúkọ rẹ̀ lọ. Télọ̀ ńkọ́? Káfíńtà ńkọ́? Alápatà àti ẹni tó ń gúnyán fún èrò ní búkà, wọn ò lápá ni?

Dókítà sọ pé iṣan tó ń gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sókè, ara eegun ìta ìgbọ̀nwọ́ ló ti so. Gbogbo ìgbà tí èèyàn bá di nǹkan mú pinpin, iṣan yẹn wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá wá ju àtúnṣe tí ara lè ṣe lọ, ìdí iṣan náà á máa gbó bí ọrùn bùbá tí òógùn ti jẹ. Èyí yé mi dáadáa.

Ohun tí kò yé mi ni pé kò sí ẹni tó káàánú mi. Àbúrò ìyàwó mi já bọ́ lórí ọ̀kadà, wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀ ní pí-ó-pí funfun, gbogbo àdúgbò gbé ọsàn lọ kí i. Tèmi, kò wú, kò pọ́n, ó ń dán. Níbi ìdána ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna, mo fọwọ́ ti ilẹ̀ kí n dìde, ìgbọ̀nwọ́ kọ̀. Mo wà nílẹ̀. Àwọn àna ní, "Ẹ wo ọmọlúàbí!" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í náwó fún mi. Owó yẹn nìkan ni àǹfààní tí mo ti rí lára àìsàn yìí.

Ìyàwó mi, Ìyá Ìbejì, náà ní tirẹ̀. Ó ń din àkàrà, bó bá di òru, ọwọ́ rẹ̀ á kú tipiri, á dìde, á máa gbọ̀n ọ́n bí ẹni ń gbọn omi dànù. Àtàǹpàkò, ìka tó tẹ̀ lé e, ti àárín àti ìdajì èyí tó tẹ̀ lé ti àárín ló ń kú. Ìyá kan ládùúgbò ní ayé ni, wọ́n ń jẹ ọwọ́ rẹ̀ lójú oorun. Mo ní, "Mọ́mì, kí ló wá ṣe ọmọńdinrín tí wọn ò fi jẹ ẹ́? Ṣé kò dùn ni?" Inú bí wọn.

Iṣan ìmọ̀lára àwọn ìka wọ̀nyẹn ló gba inú ihò tóóró kan ní ọrùn-ọwọ́, òun àti iṣan mẹ́sàn-án mìíràn, bí èrò inú dánfó. Bí àyè bá há, òun ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ti ọmọńdinrín gba ọ̀nà ibòmíràn. A sì máa ń ká ọrùn-ọwọ́ bí a bá sùn, ìyẹn ló ṣe ń le lóru. Ní ọsibítù, wọ́n fún un ní ohun kan tí yóò máa dè sùn kí ọrùn-ọwọ́ lè tọ́. Ó ń gbà á, ọpẹ́ ni, nítorí wọ́n ní bí kò bá gbà á, abẹ́rẹ́ ló kàn, tàbí kí wọ́n la awọ tó bo ihò náà lórí. Àmọ́ nǹkan ọ̀hún le bí pákó, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fi lu imú mi lójú oorun.

Kí n má tíì sọ ti ìka mi. Láàárọ̀, ìka tí mo fi òrùka sí á ká kò, n ó fi ọwọ́ òsì nà án, á dún "pà!" Ìyá Ìbejì á ní ta ló ń fọ́ èkùrọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Iṣan ibẹ̀ ló wú tí kò gba inú òrùka ara rẹ̀ kọjá dáadáa mọ́. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ sábà máa ń tú u sílẹ̀. Èmi tí mo ti ń fi abẹ́rẹ́ jẹun láti ọdún yìí wá! Mo ní kí wọ́n kúkú gún ìgbọ̀nwọ́ pọ̀ mọ́ ọn. Dókítà kọ̀, ó ní ti ìgbọ̀nwọ́ á dẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, á sì tún padà burú.

Okùn kan ni mo ń dè sí abẹ́ ìgbọ̀nwọ́ báyìí. Mo tún ń mú agolo mílíìkì, mo ń gbé apá lé tábìlì, mo ń jẹ́ kí ọwọ́ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí iṣan lè lágbára. Àbígbẹ̀yìn mi ń dúró tì mí pẹ̀lú ife lójoojúmọ́.

Oògùn tó kù ni wọ́n sọ gbẹ̀yìn, bí ẹni pé kékeré ni: "Bàbá, ẹ sinmi sísọ́ọ̀sì." Ìrora náà lè lé ní oṣù mẹ́fà, ó lè tó ọdún kan, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ń lọ fúnra rẹ̀. Ọdún kan! Ta ni yóò bá mi sọ fún onílé?

Nítorí náà, Alhaja, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ gbé léèsì wá fún ọjọ́ kẹrìnlá, ọmọ iṣẹ́ mi ló ń gé e báyìí. Bí ọrùn bá wọ́, ẹ fi gèlè bò ó. Bí a bá sì pàdé lóde, ẹ kàn juwọ́ sí mi, ẹ má bọ̀ mí lọ́wọ́.