Dókítà Tí Kò Tíì Rí Ọkàn Ọ̀pọ̀lọ́

Ẹ̀yin dókítà ọ̀la! Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ ká máa pè yín, torí láti ọjọ́ tí JAMB ti fún yín ní àyè ni ìyá yín ti pa orúkọ ìkómọ yín tì. "Dókítà, wá bá mi gbé omi yìí." "Dókítà, o ò tíì fọ abọ́?" Àwọn aládùúgbò ti ń ká sòkòtò sókè láti fi orúnkún tó ń ro wọ́n hàn yín, ẹ̀yin náà sì ń mi orí bí ẹni tó mọ oògùn rẹ̀. Ẹ ò jẹ́ sọ fún wọn pé BIO 101 lẹ ṣì wà, níbi tí ẹni tó fẹ́ di dókítà, ẹni tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì àti ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀kọ́ nípa ewéko láìtọrọ ti jọ há sínú gbọ̀ngàn kan náà, tí ẹni tó bá pẹ́ dé á máa gba ojú fèrèsé yọjú.

Ẹ jẹ́ ká ti orí kóòtù funfun bẹ̀rẹ̀. Inú láàbù ni wọ́n ní kí ẹ máa wọ̀ ọ́. Ẹ wọ̀ ọ́ lọ jẹ àmàlà, ẹ wọ̀ ọ́ lọ sí báńkì, ẹ wọ̀ ọ́ wọ kòròpé kí kọ̀ńdọ́ lè pè yín ní dọ́kí. Mo ti rí èyí tó gbé tirẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ Ọjọ́bọ̀ ṣì wà létí ọwọ́ kóòtù náà, ó sì ń bọ pásítọ̀ lọ́wọ́.

Ó dáa, ká gbà pé ìmọ̀ wà lábẹ́ kóòtù. Ẹ jí ọmọ 100 level kan lóru, ẹ bi í pé kí ni maitokọ́ńdíríà. Kò ní la ojú tán tí á fi dáhùn: "Ilé agbára sẹ́ẹ̀lì!" Agbára wo? Báwo ló ṣe ń rí i? Kẹ́kẹ́ á pa mọ́ ọn lẹ́nu. Philip Siekevitz ló fi "ilé agbára sẹ́ẹ̀lì" ṣe àkọlé àpilẹ̀kọ rẹ̀ lọ́dún 1957; ẹ̀yin mú àkọlé, ẹ fi àpilẹ̀kọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ohun tó wà níbẹ̀ ò le: ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ti ń lo ọ́síjìn láti yọ agbára lára oúnjẹ, tó ń kó o sínú ATP kí iṣẹ́ ara lè máa lọ. Ẹ̀bà àná ló ń gbé yín sùn lọ́wọ́ ní kíláàsì yẹn. Ní orílẹ̀-èdè tí gíríìdì ń wó lulẹ̀ nígbà gbogbo, ẹ gbé ilé agbára tó ń ṣiṣẹ́ sínú ara, ẹ ò sì bi í bó ṣe ń ṣe é.

Báyọ́lọ́jì fúnra rẹ̀ kúkú ń ṣe ẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni, òkú ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí Robert Hooke rí tó sì sọ lórúkọ lọ́dún 1665, kọ́ọ̀kì ni, èèpo igi tó ti kú pátápátá. Ògiri nìkan ló kù, onílé ti lọ. Ṣùgbọ́n Hooke fi ojú ara rẹ̀ wò ó ṣá. Ẹ̀yin ńkọ́? Wọ́n tẹ́ èèpo àlùbọ́sà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ máíkírósíkóòpù kan ṣoṣo, gbogbo ìjọ sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ dijú tó yẹ kó là. Èkejì rí irun ìpéǹpéjú ara rẹ̀, ó pariwo pé òun ti rí Spirogyra. Ẹ̀kẹta rí òbìrìkìtì kan tí etí rẹ̀ dúdú kirikiri, ó yà á, ó fi rúlà fa ìlà sí i, ó kọ "nucleus". Atẹ́gùn tó há sábẹ́ gíláàsì ni, ọmọ mi! Àwọn tó kù da tirẹ̀ kọ, wọ́n sì fi ×400 sí abẹ́ ohun tí wọn ò rí. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀. Olùkọ́ tó ń kọjá rò pé iṣẹ́ ń lọ.

Ti ọ̀pọ̀lọ́ ló wá ká mi lára jù. Wọ́n ní kí kálukú mú ọ̀kan wá. Lóru, ẹ̀yin tí ẹ máa la ikùn ènìyàn lọ́jọ́ iwájú gbé tọ́ọ̀ṣì dé etí gọ́tà. Ọ̀pọ̀lọ́ fò lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yin fò lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó délẹ̀ ní láàbù, ẹ fi kúlórófọ́ọ̀mù kùn ún lóorun, ẹ tẹ́ ẹ kalẹ̀, ikùn lókè, ẹ fi pín-ìnnì kan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ la awọ láti ìsàlẹ̀ ikùn dé ọ̀fun. Ọkàn rẹ̀ ṣì ń lù, kì, kì, kì, nínú omi ara. Ohun ẹlẹ́mìí kan ṣoṣo tí wọ́n fi hàn yín láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà nìyẹn, ẹ kọ ẹ̀yìn sí i, ẹ ń ya sẹ́lífì fún WhatsApp. Ìgbà tí ẹ fi máa rí èyí tí ẹnu yín gbé dáa níbẹ̀, ọkàn ti dákẹ́. Ni ẹ bá ya yàrá mẹ́rin sínú rẹ̀, bó ṣe wà nínú ìwé sẹ́kọ́ńdírì yín. Ọkàn ènìyàn nìyẹn! Mẹ́ta ni ti ọ̀pọ̀lọ́: méjì lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń sùn ní mẹ́fà mẹ́fà sí yàrá kan ní họ́sítẹ̀lì, ẹ wá kọ́ yàrá mẹ́rin fún ará inú gọ́tà. Ẹni tó bá fi sùúrù pa èèrà á rí ìfun inú rẹ̀ ni wọ́n wí. Odindi ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n gbé fún yín o.

Kí olùkọ́ má sì fi yín rẹ́rìn-ín. Bufo regularis ló ṣì wà nínú háńdáwùtù rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti sọ ọ̀pọ̀lọ́ yẹn di Amietophrynus ní 2006, wọ́n tún sọ ọ́ di Sclerophrys ní 2016. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀pọ̀lọ́ ti pààrọ̀ orúkọ. Iye owó nìkan ni háńdáwùtù ń pààrọ̀. Aáyán ńkọ́? Ilẹ̀ Áfíríkà ni orísun rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e sọdá, ṣùgbọ́n Linnaeus sọ ọ́ ní americana lọ́dún 1758. Aáyán abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù yín ti di ará Amẹ́ríkà láìtò síwájú ẹ́ńbásì kankan, ẹ̀yin ṣì ń wá físà.

Ẹ má gbàgbé pé ẹni tí máàkì rẹ̀ ò bá gbé e dé 200 level ìṣègùn, ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ni wọ́n sábà ń tì í sí. Ọdún mẹ́ta gbáko ni òun àti ọ̀pọ̀lọ́ á tún fi máa wo ojú ara wọn. Torí náà, ẹ gbẹ́ lẹ́ẹ̀dì yín, ẹ fi fóònù sápò, ẹ wò ó kí ẹ tó yà á. Yàrá mẹ́ta ni o.