Baba Ọ̀kan-Ṣoṣo

Bí ẹ bá ń gbé Houston tàbí ìgbèríko rẹ̀, kò sí bí ẹ ò ṣe ní mọ̀ ọ́n. Òun ni ọkùnrin tó máa ń gbé àwo ìrẹsì sílẹ̀ níbi ìkómọ, tí yóò fa àga mọ́ ẹni tó jókòó tì í, tí yóò ní: "Ẹ gbọ́ ná. Ìbọn kan ṣoṣo. Kátíríìjì kan ṣoṣo. Kí n lè fi pa ohun gbogbo, láti orí ehoro dé orí béárì." Láti ìgbà tí Tọ́lá, àkọ́bí rẹ̀, ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ló ti ń sọ ọ́. Tọ́lá ti wọ yunifásítì. Ìbọn mẹ́fà ló wà nínú àpótí irin tó wà ní gárééjì, ọ̀kan ṣoṣo náà sì ni ìkọ̀ọ̀kan wọn.

"Ọmọ ọlọ́dẹ ni wá," bẹ́ẹ̀ ni yóò máa wí. Àwa tá a jọ dàgbà l'Ógbómọ̀ṣọ́ mọ̀ pé akọ̀wé kóòtù ni baba rẹ̀, ohun kan tí baba náà sì ń lé kiri láyé rẹ̀ ni ẹni tí kò san owó ìtanràn. Àmọ́ kí á má rẹ́ ọmọlúàbí jẹ. Ó ṣe ẹ̀kọ́ ọdẹ tí ìjọba Texas ní dandan ni fún gbogbo ọdẹ tí wọ́n bí láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1971, ó sì yege. Aṣọ ọdẹ rẹ̀ pé. Bàtà rẹ̀ ò gba omi. Ìbọn nìkan ló kù.

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé wọ́n ti dáhùn ìbéèrè rẹ̀ tipẹ́, kí wọ́n tó bí baba rẹ̀ akọ̀wé pàápàá. Lọ́dún 1906 ni àwọn ológun Amẹ́ríkà gba kátíríìjì tí wọ́n ń pè ní .30-06, ọdún yẹn gan-an ni 06 tó wà nídìí orúkọ rẹ̀. Theodore Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, gbé e lọ ṣọdẹ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1909. Ọta oníwọ̀n gíréènì 150 wà fún àgbọ̀nrín, 180 wà fún ẹran ńlá, 220 wà fún ẹni tó bá fẹ́ bá béárì sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá rà á, tó fi awò tó dáa lé e lórí, tó sì ń yìn ín déédéé, ọ̀rọ̀ tán.

Baba Ọ̀kan-Ṣoṣo rà á, ní àkọ́kọ́ pàá. Kò tíì pa nǹkan kan pẹ̀lú rẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka Jack O'Connor, òǹkọ̀wé nínú ìwé ìròyìn Outdoor Life, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún yin .270. Ọdún 1925 ni .270 jáde, èèpo .30-06 náà sì ni wọ́n fún lọ́rùn kí ọta tó tínrín lè wọ̀ ọ́. Ló bá ra .270. Lẹ́yìn náà ló ka Elmer Keith, ẹni tó gbà pé ọta tí kò bá tóbi kó wúwo kì í ṣe ọta. Àwọn méjèèjì fi ọjọ́ ayé wọn bá ara wọn jiyàn. O'Connor kú ní 1978, Keith tẹ̀lé e ní 1984. Gárééjì Baba Ọ̀kan-Ṣoṣo ni wọ́n ti ń bá ìjà náà lọ títí di òní.

.308 dé láti 1952, ó kúrú díẹ̀ sí .30-06, ìbọn rẹ̀ sì fúyẹ́ díẹ̀. Bí ọta gíréènì 180 bá jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì, bí ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni .30-06 fi yá jù ú lọ. Baba fi odidi ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ṣàlàyé ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà yìí fún mi. Mo béèrè bóyá àgbọ̀nrín á mọ ìyàtọ̀. Ó wò mí tàánútàánú. Ó ra .308. Nígbà tí ariwo 6.5 Creedmoor tó jáde ní 2007 wá gba ìgboro, ó ra ìyẹn náà, ó ní ọ̀ràn ti parí wàyí.

Kò parí, torí elk. Òkè Colorado ni ẹran ńlá tó jọ àgbọ̀nrín yìí ń gbé, akọ rẹ̀ lè wọn ju 300 kílò lọ, ó sì gbọ́dọ̀ ní .300 Winchester Magnum nítorí rẹ̀. Ẹfọ̀n Tanzania ló sì jẹ́ kó ra .375 H&H tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1912. Alaska ńkọ́? "Bí ẹrù mi bá sọnù ní pápákọ̀ òfuurufú, tí mo dé abúlé kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, irú ọta wo ni mo máa bá níbẹ̀?" Ọ̀rọ̀ yìí ń gba oorun lójú rẹ̀. Kò dé Alaska rí. Kò dé Colorado rí. Ibi tó tutù jù tó ti bá òtútù pàdé ni Dallas.

Ibi tó ń ṣọdẹ sí gan-an kò ju ìgbẹ́ tí òun àti àwọn mẹ́ta jọ háyà, nítorí ilẹ̀ onílẹ̀ ló pọ̀ jù ní Texas. Wọ́n gbé ahéré pákó lé òpó mẹ́rin. Ní ọgọ́rin yáàdì síwájú rẹ̀, ẹ̀rọ kan wà tó ń da àgbàdo sílẹ̀ láàárọ̀ láàárọ̀, òfin sì gbà á. Àgbọ̀nrín tí kò tóbi ló ń wá jẹ ẹ́, pẹ̀lú ẹlẹ́dẹ̀ ìgbẹ́ tí ìjọba ò béèrè ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ mọ́ lórí ilẹ̀ aládàáni láti 2019. Kò sí ọ̀kan nínú ìbọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí kò lè pa wọ́n. Àmọ́ ọ̀ọ́dúnrún yáàdì ló ṣètò awò rẹ̀ sí, torí elk.

Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fẹ́nìkan jẹ. Ti Baba yìí, ìyà náà ti pé. Ẹran ni kò tíì dé.

A jọ lọ sí pápá ìdánrawò lọ́jọ́ kan. Ó gbé .300 náà lé àpò iyanrìn, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ìdí rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Nọ́ọ̀sì ará Ìjẹ̀bú kan tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ ló bá a ki ìbọn, èèpo òfìfo ló sì fi sí i láìwí. Baba fà á. Ìró irin lásán la gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ìbọn ti rì wálẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ojú Baba méjèèjì ti dì pa, èjìká rẹ̀ sì ti sá sẹ́yìn fún ìbọn tí kò dún.

"Ẹ̀gbọ́n," ni nọ́ọ̀sì wí, "ẹ ti ń sá fún un kó tó dún."

Baba tẹjú mọ́ ìbọn títí. "Awò yìí ló yẹ̀," ló wí.

Awò tuntun ló rà. Owó yẹn ìbá ra ọta .308 tí yóò máa yìn títí èjìká rẹ̀ yóò fi gbàgbé ẹ̀rù, ṣùgbọ́n ta ló bi mí?

Ẹ wá gbọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu. Kúnlé, ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò wa tí gíríìnì káàdì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nígbà náà, wá bá a: "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọdẹ. Ìbọn wo ni kí n rà?"

Baba ò tiẹ̀ rò ó. ".30-06. Má wojú ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń wá òmíràn kiri, iṣẹ́ ni wọn ò rí ṣe." Ojú ẹsẹ̀ ló ta tirẹ̀ fún un, ní ẹ̀dínwó.

Oríṣi ọta kan ni Kúnlé ń rà. Bí oṣù Kọkànlá bá ti dé, tí wọ́n ṣí ìgbẹ́, yóò pa àgbọ̀nrín kan, yóò gbé itan rẹ̀ wá fún Ìyá Tọ́lá. Ìyá Tọ́lá á fi se ẹ̀gúsí. Baba á jẹ ẹ́ pẹ̀lú iyán, á ta eyín, á ní, "Ẹran yìí le díẹ̀. Ì bá jẹ́ 6.5 ló fi pa á."

Lọ́dún tó kọjá ni iṣẹ́ gbé Kúnlé lọ sí Toronto, ó sì ní láti ta ẹrù. Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Tọ́lá wọ gárééjì lọ wá ìgbálẹ̀, ó bá ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń fi òróró nu ìbọn kan.

"Dádì Tọ́lá, àpá tí Tọ́lá ha sídìí ìbọn yìí, mo mọ̀ ọ́n. Ṣé kì í ṣe èyí tí ẹ tà fún Kúnlé nìyí?"

"Òun ni."

"Eélòó lẹ tà á?"

Ó sọ iye tó tà á.

"Eélòó lẹ wá rà á padà?"

"Ìyá Tọ́lá, ẹ ò rí i pé awò tuntun wà lórí ẹ̀ ni?"