Àdá Tó Kú Lẹ́nu Ọ̀nà Oko

Ìgbẹ̀yìn ní í dun olókùú àdá. Àgbẹ̀ tó kọ̀ láti pọ́n àdá ni àwọn baba wa ń fi òwe yìí bá wí. Olókùú àdá òde òní yàtọ̀: àdá tirẹ̀ mú ju abẹ lọ, àmọ́ ẹnu ọ̀nà oko ló ń kú sí.

Ẹ wo ọ̀dọ́ méjì nídìí pátákó ṣẹ́ẹ̀sì ní Atakpamé, ní Togo. Ẹni tó mú funfun ti wo fídíò títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ó mọ ọ̀nà ìbẹ̀rẹ̀ eré tí wọ́n ń pè ní Sicilienne, ó mọ Espagnole tí àlùfáà Ruy López kọ sínú ìwé ní 1561. Ní ìṣísẹ̀ kejì, ó ti ju ayaba sójú agbo. Coup du berger ló ń wá: kí ọba kú ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Ẹnìkejì gbé ẹṣin jáde, ó ti ọmọ ogun kékeré kan síwájú. Ayaba fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Bó ṣe ń sá kiri, bẹ́ẹ̀ ni dúdú ń to ogun tirẹ̀. Ibẹ̀ ni fídíò parí sí. Ibẹ̀ náà ni ọgbọ́n ọ̀gá parí sí.

Ẹ má bú u. Ilẹ̀ tó jókòó lé ti rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Kamina, lẹ́bàá Atakpamé, àwọn Jámánì fi nǹkan bí ọdún mẹ́ta kọ́ ilé wáyálẹ́ẹ̀sì ńlá tí yóò máa bá Nauen ní ìlú wọn sọ̀rọ̀, ọ̀nà tó ju kìlómítà 5,000 lọ. Ayaba jáde, ogun ẹ̀yìn rẹ̀ kò sí, torí ọlọ́pàá lásán ni wọ́n ní ní Togo. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1914, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé wọlé dé. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25, àwọn Jámánì fọwọ́ ara wọn ba ilé náà jẹ́. Lọ́jọ́ 26, wọ́n túúbá.

Àwa ńkọ́? Òṣèlú a fi ìlù àti ijó fi ìpìlẹ̀ ilé ìwòsàn lélẹ̀, igbó a sì bò ó. Ẹgbẹ́ a yan alága, akọ̀wé àti akápò, wọn a dá aṣọ. Ìpàdé kejì kì í wáyé.

Capablanca, ọmọ Cuba tó jẹ́ ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé láti 1921 sí 1927, ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ti ìparí bẹ̀rẹ̀: kó kọ́kọ́ mọ bí ọba kan àti ọmọ ogun kan ṣoṣo ṣe ń borí. Ìmọ̀ràn náà dára. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò sẹ́ni tí yóò wá ya fọ́tò rẹ̀.