Afárá Aláìlómi
Bàbá tó múlé tì mí n'Ìbàdàn kan afárá onígi sínú ọgbà òdòdó wọn. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ni, ó tẹ̀ bí ẹ̀yìn arúgbó, fáníìṣì ń dán lára rẹ̀. Mo bẹ abẹ́ rẹ̀ wò: kò sí odò, kì í sì í ṣe afárá oyin. Alángbá kan ṣoṣo ni mo bá níbẹ̀, òun náà gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Afárá Third Mainland l'Ékòó tó gùn ju kìlómítà 11 lọ kò níyì tó o lójú Bàbá. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á gùn ún, wọ́n á máa wo koríko bí ẹni ń wọ̀sà. Òjò wá rọ̀ lánàá. Gọ́tà iwájú ilé kún àkúnya, pákó tá a fi ń sọdá bómi lọ. Bàbá ká ṣòkòtò dé orúnkún, wọ́n wọ́dò lọ sí ọ́fíìsì. Afárá wà nínú ọgbà, ó ń ṣọ́ koríko.