Sí Àbúrò Mi Tó Fi Ọjọ́ Kan Jẹ Lisbon Tán

Àbúrò mi àtàtà,

Mo kí ọ kú ìrìn. Mo kí ẹsẹ̀ rẹ náà, torí òun gan-an ló jìyà jù. Gbogbo fọ́tò tó o kó sórí WhatsApp láti àárọ̀ títí di alẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn, mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ibi tó o ò dé ní Lisbon. Ibi tó o fara balẹ̀ wò ni mi ò rí.

Ta ló tiẹ̀ sọ fún ọ pé ọjọ́ Ajé là á lọ sí Belém? Wàhálà físà, ìwé báńkì, lẹ́tà ibi iṣẹ́ ní London, bàlúù olówó pọ́ọ́kú tó gbéra kí àkùkọ tó kọ, gbogbo rẹ̀ lo fara dà kó o lè ya fọ́tò pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì. Ilé àwọn mọ́ńkì Jerónimos kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé. Ilé ìṣọ́ Belém náà kì í ṣí. Ìwọ fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, o na àtàńpàkò sókè, ẹ̀rín gba ẹnu rẹ kan.

Ti kéèkì kékeré tí wọ́n ń pè ní pastel de nata tún pa mí lẹ́rìn-ín. Ìlà gígùn tó o tò sí níwájú ṣọ́ọ̀bù Pastéis de Belém, àwọn tó ń rà á lọ sílé ló ni ín. Láti 1837 ni wọ́n ti ń tà á níbẹ̀, inú ilé náà sì kún fún yàrá àti tábìlì. Ẹni bá wọlé á jókòó, wọ́n á gbé e wá fún un ní gbígbóná, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa fọ́ kàràkàrà lẹ́nu, inú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ jó o láhọ́n. Ìwọ jẹ tìrẹ lóòró, lẹ́bàá títì, ṣúgà lẹ́búlẹ́bú wà nírùngbọ̀n rẹ nínú fọ́tò mẹ́rin tó tẹ̀ lé e.

O wá lọ tò fún trámù 28 ní Martim Moniz. Ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ ìyeyè yẹn, ti ayé 1930 ni. Wọn ò tìtorí àwọn ayafọ́tò dá a sí. Torí kọ̀rọ̀ àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àdúgbò Alfama tí ọkọ̀ ńlá ò lè gbà ni. Ìyá àgbà tó ti ọjà bọ̀ ló wà fún, ìyá àgbà sì dúró, ìwọ lo jókòó. Báàgì wà lẹ́yìn rẹ bí ọmọ lẹ́yìn abiyamọ, àfi pé abiyamọ a máa fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ wò. Àwọn jágùdà Lisbon mọ 28 bí ẹni mowó. Pé páwà báǹkì nìkan ni wọ́n rí yọ, orí ìyá wa ló ṣiṣẹ́. Bọ́ọ̀sì 737 wà tó ń gbéni láti Praça da Figueira dé ẹ̀bá Castelo de São Jorge, ṣùgbọ́n kò yááyì nínú fọ́tò.

Búrẹ́dì àti olífì tó o ní wọ́n fi rẹ́ ọ jẹ ní ilé oúnjẹ, mi ò bá ọ dá sí i. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbé síwájú èèyàn ní Pọ́túgà, ẹni bá fọwọ́ kàn án á sanwó rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ á ní kí wọ́n gbé e kúrò. Ìwọ jẹ olífì, o jẹ wàràkàṣì, o tún ní kí wọ́n fi búrẹ́dì kún un. O rò pé sàárà ni.

Ká wá dé orí ohun tó o kọ sábẹ́ àwọn fọ́tò. Praça do Comércio lo kọ pé ó wà bẹ́ẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ìlú. Irọ́ ni. Àárọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 1755, nígbà tí èrò kún ṣọ́ọ̀ṣì fún àjọ̀dún Gbogbo Ẹni Mímọ́, ni ilẹ̀ mì, omi odò Tejo ya wọ ìgboro, iná sì jó ìlú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ààfin tó wà níbẹ̀ pa rẹ́. Marquês de Pombal, mínísítà ọba, ló tún àdúgbò yẹn kọ́. Wọ́n fi igi ṣe egungun sínú ògiri, wọ́n sì ní àwọn sójà ni wọ́n kó wá máa fẹsẹ̀ kilẹ̀ yí àwòṣe rẹ̀ ká, láti mọ̀ bóyá á dúró. Ọba José fúnra rẹ̀ ò gbà wọ́n gbọ́. Ó kó lọ sórí òkè Ajuda, ó kọ̀, kò sùn lábẹ́ ilé olókùúta mọ́ títí ó fi wàjà. Mo fẹ́ràn ọba yẹn.

Afárá pupa tó o pè ní Golden Gate, 25 de Abril lorúkọ rẹ̀, 1966 ni wọ́n ṣí i. Nítorí ère Jésù tó na apá lódìkejì odò, Màmá pè mí lóru, ó ní ìgbà wo lo dé Brazil.

Ọ̀kan wà nínú àwọn fọ́tò náà tí mo tọ́jú. Largo de São Domingos ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rossio. O gbé ife ọtí ginjinha kékeré sókè, o ń ṣẹ́jú. Lẹ́yìn rẹ, àwọn bàbá kan wọ agbádá, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Ìyá kan pàtẹ ọjà sílẹ̀. Báàgì rẹ bo ìdajì wọn. Ibẹ̀ ni àwọn ará Guinea-Bissau àti àwọn adúláwọ̀ mìíràn ti ń pàdé. Láyé tí wọ́n ṣì ń tà wá lẹ́rú, inú ṣọ́ọ̀ṣì tó wà níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ Rosário ti àwọn adúláwọ̀ fi ṣe ibùjókòó. Iná jó ṣọ́ọ̀ṣì náà ní 1959, àwọn òpó rẹ̀ ṣì ní àpá iná títí dòní, ọ̀fẹ́ sì ni wíwọlé. Àlejò lójú, kò fi ríran, ṣùgbọ́n tìrẹ yàtọ̀: fóònù lo fi bo ojú.

Ilé ìṣọ́ Belém tó o yà yẹn, wọ́n gbẹ́ orí àgbáńréré kan sí i lára. Ní 1515 ni wọ́n kó àgbáńréré kan láti Íńdíà wá fún Ọba Manuel. Ó ní kí wọ́n fi ta Póòpù lọ́rẹ, ọkọ̀ rì, ẹran náà kú sómi. Lọ́dún yẹn kan náà ni Manuel kọ̀wé pé kí wọ́n gbẹ́ kòtò jíjìn kan, kí wọ́n máa ju òkú àwọn ẹrú adúláwọ̀ sí i, kí wọ́n sì máa da ẹfun lé wọn, torí gbangba ni wọ́n ń jù wọ́n sí, tí ajá ń jẹ wọ́n. Ẹran gba ère. Orúkọ kòtò náà wà lára òpópó títí dòní: Rua do Poço dos Negros. Etí ibẹ̀ ni trámù rẹ gbà kọjá. Mo gbọ́ ohùn rẹ nínú fídíò níbẹ̀, o ní, "Ẹ má wòran, kò sí nǹkan kan ládùúgbò yìí."

Mo gbọ́ pé Rome ló kàn, ọjọ́ kan ṣoṣo náà ni. Ilé ọnà Vatican máa ń ṣí lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń tì í, àfi èyí tó bá gbẹ̀yìn oṣù. Mo mọ̀ pé ọjọ́ Àìkú lo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sí.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin