Mo-gbọ́-mo-yà Ojú Títì

(Ilé oúnjẹ Yorùbá kan ní ìlú Houston, ní Amẹ́ríkà. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Bàbá Táksì ti fọwọ́, ó ti jókòó sídìí tábìlì. Ìyá Olóúnjẹ dúró tì í: àwo àmàlà wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ìwé àti bírò wà lọ́wọ́ òsì.)

BÀBÁ TÁKSÌ: Ẹ gbé àmàlà sílẹ̀, kí ẹ sì máa mú ìwé yẹn lọ.

ÌYÁ OLÓÚNJẸ: Àwọn méjèèjì jọ ń rìn ni lónìí. Ẹ buwọ́ lùwé kí n tó bu gbẹ̀gìrì lé e.

BÀBÁ TÁKSÌ: Torí títì I-45 yìí náà ni? Kí ni títì fi ṣe yín gan-an? Ìjọba ní àwọn fẹ́ fẹ̀ ẹ́ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè dínkù, ẹ ní ó tì. Ẹ̀yin ìdí ìkòkò lẹ wà. Èmi tí ìdí mi ti gbóná lórí títì láti àárọ̀ ló yẹ kí ẹ bi.

ÌYÁ OLÓÚNJẸ: Mo bi yín nígbà náà. Katy Freeway ńkọ́?

BÀBÁ TÁKSÌ: Katy kẹ̀? Ọba títì! Níbi tó fẹ̀ jù, tí a bá ka ti ẹ̀gbẹ́ mọ́ ọn, láìnì 26! Bílíọ̀nù 2.8 dọ́là ni wọ́n fi fẹ̀ ẹ́ kó tó parí ní 2008. Ẹni tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ sọdá ibẹ̀, àfi kó di oúnjẹ dání.

ÌYÁ OLÓÚNJẸ: Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ibẹ̀ wá tán?

BÀBÁ TÁKSÌ: Ó... ó rọlẹ̀ fúngbà díẹ̀.

ÌYÁ OLÓÚNJẸ: "Díẹ̀" yẹn ni mo fẹ́ gbọ́! Láàárín 2011 sí 2014, àkókò tí èèyàn ń lò lójú ọ̀nà yẹn láàárọ̀ fi ìdá 30 nínú 100 gùn sí i. Ti ìrọ̀lẹ́ fi ìdá 55 gùn sí i. Àwọn tó ṣírò rẹ̀ kì í ṣe olóúnjẹ bíi tèmi o.

BÀBÁ TÁKSÌ: Èrò ló ń pọ̀ sí i ní Houston.

ÌYÁ OLÓÚNJẸ: Èrò ń pọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi oúnjẹ ṣàlàyé, ibẹ̀ lẹ ti tètè máa ń lóye. Ẹ ṣe ìnáwó, ìrẹsì ènìyàn 100 lẹ sè, kò kárí. Lọ́dún kejì ẹ se ti 200. Àwọn wo ló máa jẹ ẹ́?

BÀBÁ TÁKSÌ: Àwọn tí ti àkọ́kọ́ ò kàn.

ÌYÁ OLÓÚNJẸ: Ẹ kùnà! Mo-gbọ́-mo-yà ni! Ẹni tó ti tẹ ẹ̀bà sílẹ̀ nílé á gbọ́ pé ìkòkò ńlá wà lórí iná, á fi ẹ̀bà sílẹ̀, á wọ bàtà. Bí títì ṣe rí náà nìyẹn. Ẹni tó ń jáde ní aago márùn-ún ìdájí kó má bàa há, á sùn di méje. Ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì á lọ ra mọ́tò. Ẹni tó ń gbé nítòsí ibi iṣẹ́ á lọ kọ́lé sínú igbó, torí wọ́n ní títì ti fẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, ìkòkò ti gbẹ, wọ́n á tún ní ká gbé èyí tó ju ìyẹn lọ wá.

BÀBÁ TÁKSÌ: Àmàlà mi ń tutù.

ÌYÁ OLÓÚNJẸ: Àmàlà ò níbi tó ń lọ. Àwọn tó wà lójú ibi tí wọ́n fẹ́ fẹ̀ ló ń kó ẹrù. Nínú ìwé tí iléeṣẹ́ títì Texas fọwọ́ ara wọn kọ ní 2020: ilé gbígbé 1,079, iléeṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀bù 344, ilé ìjọsìn márùn-ún, ilé ìwé méjì.

(Bàbá Táksì yí ojú sí ògiri, níbi tí pátákó àwọn tó jẹ àwìn wà. "Bàbá Kan" ló wà lókè pátápátá, pẹ̀lú àwo mẹ́sàn-án.)

BÀBÁ TÁKSÌ: Ìyá Olóúnjẹ... ṣé ibí yìí wà nínú 344 yẹn?

ÌYÁ OLÓÚNJẸ: Ẹ má wulẹ̀ yọ̀. Kò sí níbẹ̀. Pátákó yẹn wà níbẹ̀ digbí.

BÀBÁ TÁKSÌ: Àánú yín ló ṣe mí! Ìjọba á kúkú san gbà-máà-bínú.

ÌYÁ OLÓÚNJẸ: Wọ́n á san owó ilé. Aládùúgbò tó ń bá yín wo ọmọ ńkọ́? Ìjọ tí wọ́n ti kó ọmọ yín jáde ńkọ́? Ọjà wo ni wọ́n ti ń ra ìyẹn? Ẹ wo àwọn àdúgbò tó wà lójú ibi tí wọ́n fẹ́ fẹ̀. Ẹ wo Independence Heights: ní 1915, ìlú aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba àṣẹ láti máa ṣàkóso ara rẹ̀ ní Texas nìyẹn. Ẹ wo Fifth Ward, tí títì ti là sí wẹ́wẹ́ láti ayé àwọn bàbá wọn. Kí ló dé tí títì kì í ṣìnà wọ ilé olówó?

BÀBÁ TÁKSÌ: Ẹ̀rọ tó ń júwe ọ̀nà ló mọ ìyẹn. Èmi ń béèrè: ta ló bá ìjọba du títì rí tó jàre?

ÌYÁ OLÓÚNJẸ: Robert Moses, ọ̀gá àwọn tó ń la títì ní New York, fẹ́ fi títì láìnì mẹ́wàá la ìsàlẹ̀ Manhattan já. Obìnrin kan, Jane Jacobs, tí kò ní oyè yunifásítì kankan, òun àtàwọn aládùúgbò dìde sí i. Ọlọ́pàá mú un níbi ìpàdé ní 1968. Ẹ lọ síbẹ̀ lónìí: ilé ń bẹ, títì ò sí.

BÀBÁ TÁKSÌ: Moses yẹn ni kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ká ní ó pe dẹ́rẹ́bà bíi tèmi...

ÌYÁ OLÓÚNJẸ: Moses ò mọ mọ́tò wà.

BÀBÁ TÁKSÌ: Ẹ ní kí ni?

ÌYÁ OLÓÚNJẸ: Títí tó fi kú. Wọ́n ń wà á kiri ni.

BÀBÁ TÁKSÌ: Háà! Ẹni tó ń la títì ò mọ mọ́tò wà! Ẹ̀yin náà ṣáà ń tọ́ ọbẹ̀ yín wò! (Ó dákẹ́ díẹ̀.) Àmọ́ New York nìyẹn. Níbí, pẹ̀lú gbogbo ariwo yín, ṣebí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?

ÌYÁ OLÓÚNJẸ: Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2024, n ò ní purọ́. Àmọ́ ẹ kà á láti orí. Àwọn tó pe ara wọn ní Stop TxDOT I-45 kan ilẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé. Nígbà tó di oṣù kẹta 2021, ìjọba àpapọ̀ ní kí ìpínlẹ̀ dáwọ́ dúró, kí àwọn wò ó bóyá iṣẹ́ náà ń rẹ́ aláwọ̀ dúdú jẹ. Ọdún méjì kọjá kí wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn, mílíọ̀nù 30 dọ́là sì wà nínú rẹ̀ fún ilé tí mẹ̀kúnnù lè rí san. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

BÀBÁ TÁKSÌ: Wọ́n ti ṣàdéhùn, kí wá ni ti ìwé yìí?

ÌYÁ OLÓÚNJẸ: Ká lè máa rán wọn létí. Ìlérí ìjọba dà bíi ti onígbèsè. Bí o ò bá kọ ọ́ sára ògiri, á ní òun ò jẹ ọ́ rí.

(Fóònù Bàbá Táksì dún. Ó fò dìde.)

BÀBÁ TÁKSÌ: Ọlọ́run ò sùn! Oníbàárà kan ń lọ sí Katy. Mo ń bọ̀ wá san... (Ó wo fóònù dáadáa. Ó rọra jókòó padà.)

ÌYÁ OLÓÚNJẸ: Kí ló dé?

BÀBÁ TÁKSÌ: Wọ́n ní wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú.

ÌYÁ OLÓÚNJẸ: Lórí láìnì 26?

(Bàbá Táksì ò fèsì. Ó fa àwo sọ́dọ̀, ó na ọwọ́ gba bírò, ó buwọ́ lùwé. Ìyá Olóúnjẹ gba ìwé, ó wò ó, ó wo ògiri.)

ÌYÁ OLÓÚNJẸ: Bàbá Táksì, orúkọ yín rèé gàdàgbà, ti bàbá yín tẹ̀ lé e. Kí ló dé tó jẹ́ pé "Bàbá Kan" lẹ ní kí n máa kọ sí pátákó?

BÀBÁ TÁKSÌ: Ti ìwé yìí, mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni. Ẹ bu gbẹ̀gìrì sí i, kí ẹ sì kọ ọ́ mọ́ ti Bàbá Kan.